Ṣé Sípíkà Ló Jẹ̀bi?

Ẹni tó ń fi láptọ́ọ̀pù kó orin sí fóònù oníbàárà mọ̀ pé bí ohùn bá ti ń ha kàrà-kàrà, tó ń dákẹ́, tó tún ń bẹ̀rẹ̀, oníbàárà á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ọ̀pọ̀ á sáré lọ pààrọ̀ sípíkà. Owó á lọ, ariwo á kù.

Àyẹ̀wò kò gba kọ́bọ̀. Kó kọ́kọ́ ki íápíìsì bọ̀ ọ́. Bí ti íápíìsì bá mọ́ kedere, a jẹ́ pé sípíkà tàbí wáyà rẹ̀ ló bàjẹ́. Bí méjèèjì bá ń ha, kó yọ ṣájà. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ iná ni: kó dán ṣájà mìíràn wò.

Bí kò bá dákẹ́, kó pa gbogbo ohun tó ṣí sílẹ̀, kó ku orin nìkan. Díẹ̀díẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù ń bu ohùn fún sípíkà, bí ìyá olóńjẹ tó ń bu oúnjẹ fún èrò. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwo á ṣófo. Òfo yẹn ni etí ń gbọ́ bí kàrà-kàrà. Bó bá ṣì ń ha, kó gba driver ohùn tuntun lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.