Ta Ni Ó Ni 'Yaa Amponsah'?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ ní ẹnu àwa olùkọ́ tí ó tó àkókò kí a bá a wí. Bí ọmọ ilé-ìwé bá béèrè ẹni tí ó dá orin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń kọ, kíá ni a ó dáhùn pé: "Orin ìbílẹ̀ ni, kò ní ẹni tí ó dá a." Ìdáhùn yìí rọrùn, kò sì gba ìwádìí. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, irọ́ ni. N ó fi orin ìfẹ́ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ṣe àpẹẹrẹ: 'Yaa Amponsah' ti ilẹ̀ Gánà.

Ní Tamale, ní ìhà àríwá Gánà, ni mo ti gbọ́ ìdáhùn yìí kẹ́yìn, láti ẹnu olùkọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ó yà mí lẹ́nu pé Tamale ni a ti sọ ọ́. Ilẹ̀ Dagbon ni ìlú náà wà. Àwọn onílù Dagbon, tí à ń pè ní lunsi, tí ìlù wọn sì bá gángan wa tan, a máa ka orúkọ àwọn ọba wọn láti ìran dé ìran. Bí àwọn onílù tiwa ti ń pe ara wọn ní ọmọ Àyàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń pe ara wọn ní ọmọ Bizung, ọmọ ọba Nyagsi. Ìlú tí onílù rẹ̀ mọ baba ńlá iṣẹ́ rẹ̀ kò yẹ kí ó jẹ́ ibi tí olùkọ́ yóò ti sọ pé orin tí a dá ní ayé àwọn bàbá wa àgbà kò ní baba.

'Yaa Amponsah' ní baba. Kwame Asare ni, ẹni tí a tún ń pè ní Jacob Sam, ọmọ Cape Coast tí a bí ní ọdún 1903. Ó kọ́ gìtá lọ́dọ̀ ará Làìbéríà kan, ọ̀kan nínú àwọn Kru tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òkun kiri etíkun wa, tí wọ́n sì máa ń fi ìka méjì péré ta okùn gìtá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, H. E. Biney àti Kwah Kanta, ni à ń pè ní Kumasi Trio. Ní ọdún 1928, nígbà tí Gold Coast ṣì ni orúkọ ilẹ̀ náà, wọ́n kọ orin yìí sínú àwo ní London fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Yaa ni orúkọ tí àwọn Akan ń sọ obìnrin tí a bí ní Ọjọ́bọ̀. Ọkùnrin inú orin náà ń yin ẹwà Yaa, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé bí ìgbéyàwó bá tilẹ̀ tú, kí ìfẹ́ má tú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìlú kì í péjọ láti bẹ obìnrin bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹnìkan ṣoṣo ni.

Àwọn kan yóò ta kò mí pé ohùn orin náà lè ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn kí ó tó wọ inú àwo, àti pé ọwọ́ àwọn Kru ni títa gìtá náà ti wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ahunṣọ lè má gbin òwú, kí ó má ran án, kí ó má sì re é ní aró. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé aṣọ náà hun ara rẹ̀. Ohun tí olórin bá láyé ni ó ń mú; iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti yàn, láti so pọ̀, àti láti fi ọ̀rọ̀ sí i. Handel, tí à ń kọ 'Messiah' rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, yá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohùn orin lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ta ni nínú wa tí ó ń pe iṣẹ́ rẹ̀ ní orin ìbílẹ̀ Jámánì?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti àwọn ará Gánà nìkan. Bí gìtá ti ń lọ nínú 'Yaa Amponsah' di ìpìlẹ̀ tí àìmọye orin háíláìfù dúró lé. Àwọn onígìtá Yorùbá àtijọ́ ní ọ̀nà títa gìtá kan tí wọ́n ń pè ní 'yabonsa': orúkọ obìnrin náà ni ẹnu Yorùbá tún ṣe. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìlọrin sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣòwò ní Tamale, títí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ kò fi orin ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Orin náà dọ́dọ̀ wa. Orúkọ ẹni tí ó dá a ni a jẹ́ kí ó sọnù lọ́nà.

Àìdárúkọ a sì máa ná ni lówó. Ní ọdún 1990, Paul Simon, olórin ará Amẹ́ríkà, lo ohùn 'Yaa Amponsah' nínú orin rẹ̀ 'Spirit Voices', ó sì fi owó ránṣẹ́ sí Gánà. Nítorí pé ohun ìbílẹ̀ ni wọ́n ka orin náà sí, ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ohun ìbílẹ̀ ni owó náà wà fún. Òfin ọdún 1985 ti fi irú ohun bẹ́ẹ̀ sí ìkáwọ́ ìjọba. Ti ọdún 2005 tún le sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ Gánà pàápàá fi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó fi ohun ìbílẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ṣòwò. Èmi kò kọ̀ kí ìjọba dáàbò bo ogún gbogbogbòò. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbólóhùn náà, "kò ní ẹni tí ó dá a," kì í ṣe ìtẹríba fún àwọn baba ńlá. Ó ń gba ohun kan lọ́wọ́ ẹnìkan.

Àwọn mìíràn yóò ní orin ìfẹ́ kò yẹ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan náà ni wọ́n ń mú ọmọ kọ́ ewì ìfẹ́ Shakespeare sórí! Mo kàwé ní yunifásítì òkè òkun. Ewì tí a bá mọ ẹni tí ó kọ ọ́, wọn kì í fi kọ́ wa láìsọ orúkọ rẹ̀ àti ìgbà tí ó kọ ọ́. Ọ̀wọ̀ tí à ń fún ti ẹlòmíràn ni mo ní kí a fún tiwa.

Ọmọ ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀ bí a bá kọ̀. Ọmọ tí a sọ fún pé orin àwọn baba rẹ̀ kàn hù bí olú yóò gbà pé àwọn ará ibòmíràn ni ń dá nǹkan, pé àtúnkọ nìkan ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Cape Coast, tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, kọ́ gìtá lọ́dọ̀ àlejò, tí ó sì fi kọ orin tí ayé kò tíì gbàgbé, yóò wo ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù wa kọ ìbéèrè mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ orin kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi ń kọ́ni: ta ni ó dá a, níbo, nígbà wo, lọ́dọ̀ ta ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́? Kí a rán àwọn ọmọ lọ bi àwọn àgbà ilé wọn kí àwọn àgbà náà tó lọ. Níbi tí a bá sì wá orúkọ tì, kí a má ṣe sọ mọ́ pé "kò ní ẹni tí ó dá a." Kí a sọ pé "a kò tíì mọ̀ ọ́n." Gbólóhùn àkọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, èkejì rán ọmọ níṣẹ́.