Margaret kò bo Annette Crosbie mọ́lẹ̀

Margaret, ìyàwó Victor Meldrew nínú One Foot in the Grave, eré ẹ̀fẹ̀ BBC tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990 tó sì parí ní 2000, ni ọ̀pọ̀ ará Ìlú Ọba fi mọ Annette Crosbie, ọmọ Gorebridge ní Scotland. Àwọn kan ń kẹ́dùn pé ẹ̀fẹ̀ yìí bo iṣẹ́ gidi rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí ó ti gba ẹ̀bùn BAFTA fún ipa Catherine of Aragon, ó sì tún gba òmíràn fún ipa Ọbabìnrin Victoria. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni. Catherine, ayaba tí Henry Kẹjọ fẹ́ kọ̀ sílẹ̀, kò ní ohun ìjà ju kó dúró ṣinṣin, kó gbé ìbínú mì. Ohun tí Margaret sì ń ṣe nìyẹn nígbàkigbà tí Victor bá ń jágbe. Ẹ lè ní David Renwick tó kọ eré náà àti Richard Wilson tó ṣe Victor ló ni ọlá. Wọ́n ní tiwọn, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n apá tó kẹ́yìn ńkọ́? Ọkọ̀ ti pa Victor, awakọ̀ ti sá lọ, Margaret wá rí i pé obìnrin tó ti di ọ̀rẹ́ òun ló wà nídìí ọkọ̀ náà. Eré náà kò sọ bóyá ó gbẹ̀san tàbí ó dárí jì í. Ojú Crosbie ni wọ́n ní ká máa kà. Renwick kò ní dáwọ́ lé irú ìparí bẹ́ẹ̀ ká ní ẹ̀rín nìkan ni Crosbie mọ̀ ọ́n pa.