Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì fún Ọmọ Kíláàsì Òkè

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ń gbé ní Ìkìrun, a sì ti kà á tó ìgbà mẹ́ta. Ó ní ọmọbìnrin òun wà ní SS2, pé láti kékeré ni ọmọ náà ti ń wí pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni òun yóò ṣe, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ń kọ́ wọn ní báyọ́lọ́jì ti kọjá lọ sí òkè òkun láti ìparí táàmù kìíní, kò sì sí ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wákàtí ẹ̀kọ́ náà bá tó, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ a máa ka ìwé sókè, àwọn yòókù a sì máa dà á kọ. Ìyá yìí fẹ́ gba tíṣà lẹ́sìn. Ọkọ rẹ̀ ní owó tí a bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, owó tí a sọ sínú odò ni. Kí ọmọ jókòó kí ó kàwé rẹ̀, bí òun tìkára òun ti ṣe ní ìgbà tirẹ̀. Ó wá bi wá pé: “Ẹ̀yin bàbá wa, níbo ni n ó ti rí olùkọ́ tòótọ́, báwo sì ni èmi tí n kò kàwé jìnnà yóò ṣe mọ̀ pé ó mọ ohun tí ó ń kọ́ ọmọ mi?”

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yára bá ọkọ yìí wí. Àwa náà ti sọ owó sínú odò rí. Ní 2021, ọmọ àbúrò wa kan tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa wà ní irú ipò kan náà, a sì gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan fún un. Aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán, èdè Òyìnbó sì ń dún lẹ́nu rẹ̀ bí agogo. A kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ó fi ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí ó ń pe nótì, tí ọmọ sì ń kọ ọ́, títí ìwé nótì méjì fi kún. Nígbàkígbà tí a bá rí ìwé wọ̀nyí lórí tábìlì, inú wa a dùn, a ó rò pé ẹ̀kọ́ ń wọlé. Nígbà tí ìdánwò mọ́ọ̀kù dé, máàkì 19 ni ọmọ náà gbà nínú 80 ní apá tí a ń fi ọwọ́ ṣe. A wá mú nótì náà, a fi wé ìwé báyọ́lọ́jì tí ó wà nínú ilé wa láti ọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, láti ojú ewé dé ojú ewé. A ti fi owó oṣù mẹ́rin ra ohun tí a ti rà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bi wa sì ni, kì í ṣe ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìkan.

Bóyá ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí ìdánwò náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń san owó rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n. Báyọ́lọ́jì tí WAEC ń ṣe fún àwọn tí ń parí SS3 pín sí ìwé mẹ́ta. Ìwé kìíní ní ìbéèrè 50 tí ọmọ yóò yan ìdáhùn wọn nínú àwọn tí a kọ síwájú rẹ̀, máàkì 50. Ìwé kejì ni èyí tí a ń kọ àlàyé sí, máàkì 70. Ìwé kẹta ni èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní pírátíkà, níbi tí a ó ti gbé nǹkan ka iwájú ọmọ pé kí ó wò ó, kí ó yà á, kí ó sọ ohun tí ó rí: wákàtí 2, máàkì 80. Ẹ ṣírò rẹ̀: 80 nínú 200. Ibi tí máàkì pọ̀ sí jùlọ ni tíṣà tí ń pe nótì kì í dé rárá. Ẹni tí yóò sì kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú báyọ́lọ́jì, èyíinì ni C6 ó kéré tán, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, kẹ́mísírì àti físíìsì. Báyọ́lọ́jì yìí kan náà yóò tún dúró dè é nínú ìdánwò JAMB pẹ̀lú ìbéèrè 40.

Olùkọ́ kejì tí a rí kò jọ olùkọ́ lójú wa. Ìyá àgbà kan ni, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìjọba, tí ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ìsọ̀ kékeré kan. Ìyá ilé wa ni ó bá a pàdé níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní tí ó wá, kò béèrè ìwé kankan. Ẹ̀wà tí a rẹ sínú omi mọ́jú ni ó ní kí a mú wá, àti bílédì, àti pẹ́ńsù HB tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa, àti bébà tí kò ní ìlà. Ó ní kí ọmọ la ẹ̀wà náà sí méjì, kí ó ya ohun tí ó rí. Ọmọ náà yára yà á. Àwòrán náà tóbi, ó dára, ó fi pẹ́ńsù kùn ún dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá náà wò ó pẹ́.

Ó ní: “Àwọn ewé ńlá méjì yìí, fi wọ́n hàn mí lára ẹ̀wà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ.”

Ọmọ wa wo ẹ̀wà, ó wo bébà. “Ẹ má bínú, mà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìwé.”

“Ìwé kọ́ ni wọn yóò gbé ka iwájú rẹ ní ọjọ́ ìdánwò, ọmọ mi. Ẹ̀wà ni wọ́n ní kí o yà, wọn kò ní kí o ya ẹwà.”

Odindi wákàtí kan ni wọ́n lò lórí hóró ẹ̀wà kan ṣoṣo ní ọjọ́ náà, àwa sì ń wò wọ́n láti orí àga wa, a ń kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa ní ìgbà èwe wa. Ìlà àwòrán báyọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ mọ́, kí ó lọ lẹ́ẹ̀kan, kí a má ṣe fi pẹ́ńsù họ ọ́ lọ họ ọ́ bọ̀. A kì í kùn ún dúdú. Rúlà ni a fi ń fa ìlà tí ó lọ sí orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ìlà kan kò gbọdọ̀ dábùú èkejì, a kì í sì í fi ọfà sí ẹnu rẹ̀. A ó kọ àkọlé. A ó sì kọ iye ìgbà tí àwòrán fi tóbi ju ohun náà lọ: bí ẹ̀wà bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1, tí àwòrán rẹ̀ sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8, ×8 ni. Nǹkan kékeré ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n máàkì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn ọmọ sì ń sọ wọ́n nù lọ́dọọdún.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, iṣu ni ó kàn. Ó gbẹ́ inú ègé iṣu méjì bí ife, ó se ọ̀kan lórí iná, ó fi èkejì sílẹ̀ ní tútù, ó bu ṣúgà sínú méjèèjì, ó sì gbé wọn ka inú àwo omi. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, omi ti sun wọ inú iṣu tútù; ti èyí tí a sè kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bi ọmọ léèrè ìdí rẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún un ní ọjọ́ náà. Ó fi í sílẹ̀ kí ó sùn lé e lórí. Ní ọjọ́ kejì ọmọ fúnra rẹ̀ wí pé iṣu tútù ṣì wà láàyè: awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ká ń jẹ́ kí omi kọjá, kò sì jẹ́ kí ṣúgà kọjá bẹ́ẹ̀; iná ti ba awọ náà jẹ́ lára èyí tí a sè. Lẹ́yìn náà wọ́n gbin ẹ̀wà àti àgbàdo sínú agolo mílíìkì, wọ́n rí i pé ẹ̀wà gbé apá rẹ̀ méjèèjì jáde sókè ilẹ̀, ṣùgbọ́n hóró àgbàdo dúró sísàlẹ̀. Àgbẹ̀ ti mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó kù tí ọmọ yóò kọ́. Ìyá ilé wa sọ pé kí báyọ́lọ́jì mọ níwọ̀n nínú ilé òun, nítorí iṣu ti wọ́n.

Nísinsìnyí, ìyá wa ní Ìkìrun, ẹ ní ẹ kò kàwé jìnnà, báwo ni ẹ ó ṣe mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n? Ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀yin náà lè mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé: “Ọkọ kan jẹ́ AS, aya rẹ̀ jẹ́ AS, wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ SS. Ǹjẹ́ ó dájú pé èyí ẹ̀kẹrin yóò jẹ́ SS?” Bí ó bá wí pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún un ní omi mu, kí ẹ sì kí i pé ó dàbọ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan dá dúró ni: ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni pé kí ó jẹ́ SS, ọ̀nà kan pé kí ó jẹ́ AA, ọ̀nà méjì pé kí ó jẹ́ AS, ìyẹn kò sì yí padà nítorí àwọn tí a ti bí ṣáájú. Bí ó bá dáhùn dáadáa, ẹ ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ níwájú yín, ní Yorùbá bí ó bá wù ú. Ẹni tí kò lè fi èdè ilé ṣàlàyé rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ó há a sórí ni. Ẹ kíyèsí bóyá ó ń bi ọmọ ní ìbéèrè, tàbí òun nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ní ti ibi tí a ti lè rí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ tún béèrè ẹni tí ó ti bá WAEC yẹ ìwé wò rí, àti àgùnbánirọ̀ tí ó ka báyọ́lọ́jì ní yunifásítì. Dókítà inú ìjọ yín mọ̀ jù gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ó ti lè pẹ́ tí ó gbàgbé ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ SS3. Ẹni tí ó bá ṣèlérí pé òun yóò mú ìbéèrè wá kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, ẹ lé e jáde. Àwọn ọmọ ni WAEC ń fagi lé èsì wọn, kì í ṣe tíṣà.

Bí owó kò bá tó, ẹ ṣe é bí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣe àró. Ìdílé márùn-ún ni a kó jọ ní ti wa, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni ilé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù ní 2022, ìparí oṣù ni a sì ń san án. Àǹfààní mìíràn wà nínú rẹ̀ tí a kò ní fi bò: ọmọbìnrin kì í dá nìkan wà pẹ̀lú ọkùnrin tí a kò mọ̀. Pálọ̀ ni kí ẹ̀kọ́ ti máa wáyé, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí àgbàlagbà kan wà nítòsí, kí ọmọ má sì lọ sí ilé tíṣà fún ohunkóhun. Tíṣà rere kì yóò bínú sí èyí. Èyí tí ó bá bínú ti fi ara rẹ̀ hàn.

Ohun kan wà tí ó kan ilé onígbàgbọ́. Ẹ̀kọ́ Lamarck àti ti Darwin wà nínú ohun tí WAEC ń béèrè, a sì ti rí olùkọ́ tí ó fò ó nítorí pé kò bá a lára mu. Ìwé Darwin jáde ní 1859, ọdún kan náà tí a dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, tí Henry Townsend sì bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe àjèjì tí ó dé lánàá. Kí tíṣà kọ́ ọmọ ní gbogbo rẹ̀, kí ìyá àti bàbá bá a sọ èyí tí ó kù nínú ilé.

Àwọn tí ọmọ wọn ń ṣe A Level ti Cambridge, tàbí IJMB, tàbí JUPEB, ọ̀rọ̀ tiwọn gùn ju àyè wa lọ. A ó kàn wí pé ìwé márùn-ún ni báyọ́lọ́jì ti Cambridge ní, ọ̀kan nínú wọn sì ń béèrè pé kí ọmọ fúnra rẹ̀ gbèrò bí a ó ṣe dán nǹkan wò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ tíṣà bóyá ó ti kọ́ ènìyàn ní èyíinì rí.

Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ gba B3, ó sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì báyìí. Sí ìyá wa: ẹ bẹ ọkọ yín kí ó jókòó ti ọmọ ní alẹ́ kan, kí ó fún un ní ẹ̀wà kan pé kí ó yà á. Ẹ má bá a jiyàn. Àwọn ìròyìn tí olórí àwọn tí ń yẹ ìwé wò fún WAEC ń kọ lórí àṣìṣe àwọn ọmọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. A ti tẹ ti báyọ́lọ́jì jáde, a ó sì fi í ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú mọ́tò tí ó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ kọ̀wé padà sí wa kí oṣù yìí tó parí, kí a lè gbọ́ ohun tí bàbá ọmọ wí.