Ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà àti èrè oníṣòwò: Ó yẹ kí oníkálukú mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Kì í ṣe inú ọjà Bódìjà ni èrè ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó oúnjẹ wọ Ìbàdàn ti ń sọnù, ojú ọ̀nà ló ti ń sọnù. Ẹni tó ra ẹ̀gẹ́ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjàyè, ẹni tó ń kó ẹyin láti oko adìẹ ní Ẹgbẹ́dá, ìyá tó ń gba gàrí jọ ní Lálúpọn àti ẹni tó ń gbé epo pupa bọ̀ láti Àkànrán, gbogbo wọn ló mọ iye tí wọ́n ra ọjà àti iye tí wọ́n fẹ́ tà á. Ohun tí wọn kì í mọ̀ ni iye tí ọ̀nà yóò ná wọn láàárín oko sí ìgboro, pàápàá bó bá jẹ́ pé wọ́n ti tún ọkọ̀ wọn ṣe kó lè bá iṣẹ́ wọn mu.

Ká sòótọ́, ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ oko láì jẹ́ pé wọ́n tún un ṣe kò pọ̀. Wọ́n á yọ ìjókòó bọ́ọ̀sì kúrò kí àpò lè rí àyè. Wọ́n á jó irin mọ́ òrùlé rẹ̀ láti fi ṣe káríà. Wọ́n á fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù sókè, wọ́n á sì fi kún sípíríǹgì ẹ̀yìn nítorí kòtò àti gegele. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti kú, tòkunbọ̀ ni wọ́n á fi rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, àwọn mìíràn ti sọ ọkọ̀ wọn di èyí tó ń lo gáàsì. Ní ti gíláàsì dúdú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló ti bá a wá láti òkè òkun, kì í ṣe ẹni tó rà á ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Gbogbo èyí ni ọlọ́pàá lè bèèrè nípa rẹ̀ bó bá dá ọkọ̀ dúró. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú pé ó bèèrè. Ìṣòro àwọn ajínigbé tó wà lágbègbè wa kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ gan-an ló ń fojú winá rẹ̀ jù. Ọkọ̀ tí a kò bá rí inú rẹ̀ lè gbé ohunkóhun. Ìdí nìyí tí òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 fi fún ọlọ́pàá lágbára láti dá ọkọ̀ dúró, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti fura pé ohun tí wọ́n jí tàbí ohun tí kò bófin mu wà nínú rẹ̀. Àmọ́ òfin yẹn kan náà kò sọ pé kí ìfura di owó orí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti gíláàsì dúdú, nítorí òun ló fa awuyewuye jù. Òfin tó dè é ti wà láti ọdún 1991, nígbà ìjọba ológun, ó sì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà títí di bí a ti ń wí yìí. Ohun tó sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ dúdú débi pé a kò ní í rí èèyàn tàbí ẹrù tó wà nínú rẹ̀, àfi bí ó bá gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tí òfin yàn, tó sì ní ìdí gidi. Ẹni tó bá rú òfin náà, tí ilé-ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi, yóò san owó ìtanràn ₦2,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kó jìyà méjèèjì pọ̀.

Kí oníṣòwò tún ìlà yẹn kà dáadáa. Ilé-ẹjọ́ ló ń dáni lẹ́bi, òun náà ló ń búni lówó ìtanràn. Kò sí ibi tí òfin ti sọ pé kí ẹni tó wọ aṣọ dúdú gba ₦10,000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láìfúnni ní rìṣíìtì. Ẹni tó san ₦10,000 nítorí ẹ̀sùn tí ìtanràn rẹ̀ nínú ìwé òfin jẹ́ ₦2,000 ti ra àkàrà ju iye tí wọ́n ń tà á lọ, àkàrà náà kò sì tún kúnni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 2025 tún fi kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Nínú oṣù Kẹrin ọdún yẹn, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá gbé ètò tuntun jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbígba ìwé àṣẹ gíláàsì dúdú. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò bá ní in, wọ́n wá ń sún ọjọ́ náà síwájú títí ó fi di ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá. Lóṣù Kẹwàá náà ni ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ tó wà nílùú Wàrí pàṣẹ pé kí wọ́n ṣì dúró ná, ọlọ́pàá sì kéde pé àwọn ti dáwọ́ dúró. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, wọ́n tún kéde pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ padà ní ọjọ́ 2, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2026. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà fárígá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó wà nílé-ẹjọ́ kò yẹ kó tún máa ṣẹlẹ̀ lójú títì.

Níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé òfin ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, kí ni ẹni tó ń kó adìẹ láti Ẹgbẹ́dá fẹ́ ṣe? Bí gíláàsì ọkọ̀ òwò rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù ni kó bó o dànù. Adìẹ kò nílò kí wọ́n fi ojú rẹ̀ pa mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé láti iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ni gíláàsì ti dúdú, kó lọ gba ìwé àṣẹ tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní ẹ̀tọ́ láti jà. Owó tí ìjà yóò ná an lójoojúmọ́ ló ju owó gíláàsì lọ.

Ní ti ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà, ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Nọ́mbà ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ èyíkéyìí nínú wọn, ó yẹ kí wọ́n lọ sọ fún àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè tún ìwé náà ṣe. Bí nọ́mbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì bá yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé, ọlọ́pàá tó bá fura pé wọ́n jí ọkọ̀ náà kò ṣe àṣejù. Nítorí náà, kí ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ gba rìṣíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un, kó má ṣe torí pé mẹkáníìkì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ kó ní rìṣíìtì kò pọn dandan.

Ti gáàsì ló léwu jù. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan tó ń lo gáàsì bú gbàmù níbi tó ti ń ra gáàsì nílùú Benin, àwọn èèyàn sì fara pa. Àwọn tó ń bójú tó ètò gáàsì ọkọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ sọ lẹ́yìn náà pé wọn kò fi ọ̀nà tó tọ́ ṣe sílíńdà tó wà nínú ọkọ̀ náà. Kí ẹni tó bá fẹ́ yí ọkọ̀ rẹ̀ padà lọ sí ibi tí ìjọba fọwọ́ sí, kó gba ìwé ẹ̀rí, kó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú ọkọ̀. Bí ọlọ́pàá bá bèèrè ìyẹn, ẹ̀mí awakọ̀ gan-an ló ń bèèrè.

Ẹni tó bá ti ṣe tirẹ̀ lè wá dúró lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà kò sì kéré. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú lè dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un, ní èdè tó yé e. Èyí túmọ̀ sí pé awakọ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ ní Yorùbá, kò sì yẹ kó fọwọ́ sí ìwé tí kò yé e.

Òfin kan náà sọ pé bí ilé-ẹjọ́ bá wà ní ibi tí kò ju kìlómítà 40 lọ sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e lọ síbẹ̀. Láti Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá tàbí Àkànrán, kò sí èyí tó jìn tó bẹ́ẹ̀ sí ilé-ẹjọ́ májísíréètì tó wà ní Ìyágankú n'Ìbàdàn. Bí wọ́n bá wá sọ pé kí awakọ̀ sun àgọ́ ọlọ́pàá di ọjọ́ kẹta nítorí gíláàsì, ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú òfin nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni bẹ́ẹ̀lì, àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 náà kò sì gbà kí wọ́n mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Bí awakọ̀ bá ṣẹ̀, wọn kò lè mú ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ dípò rẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ gbígba ọkọ̀ lọ́wọ́ onímọ́tò. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá dájọ́ pé àwọn VIO ìlú náà kò lágbára láti máa dá ọkọ̀ dúró, láti máa gbẹ́sẹ̀ lé e tàbí láti máa búni lówó ìtanràn. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà lọ́dún 2025. Àwọn ti Àbújá ni ẹjọ́ yẹn dá lé lórí, kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì ṣe VIO ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan gbogbo èèyàn: ẹni kan ṣoṣo tó pẹjọ́ ló yí ohun tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe padà.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé, “Kí ni ₦1,000, ẹ jẹ́ n fún wọn kí n máa lọ.” Kó ṣírò ó wò. Bí ọkọ̀ kan bá ń san ₦1,000 níbi mẹ́rin lójú ọ̀nà, ₦4,000 nìyẹn ní àlọ kan. Bó bá ń nájà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó di ₦12,000. Láàárín ọdún kan, ₦624,000. Owó yẹn tó fi tún ìwé ọkọ̀ ṣe, kó gbé gíláàsì tuntun sí i, kó sì tún ṣẹ́kù. Àdánù tó tún wà níbẹ̀ ni ti àkókò. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti hú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń dúdú nínú. Adìẹ tí wọ́n dá dúró sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé dé ọjà.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún oníṣòwò. Kó má ṣe fi ọkọ̀ lé awakọ̀ lọ́wọ́ láìfún un ní ẹ̀dà ìwé ọkọ̀ tó pé, láísẹ́ǹsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ìwé ìbánigbófò àti nọ́mbà fóònù ọ̀gá rẹ̀. Kó kọ́ awakọ̀ náà pé bí wọ́n bá dá a dúró, kó dúró, kó kí wọn pé “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá,” kó má sá, kó má sì fi ìbínú jáde. Kó wo orúkọ àti nọ́mbà tó wà lára aṣọ ẹni tó dá a dúró, kó sì rántí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti aago tó lù. Bí wọ́n bá fẹ́ tú ẹrù, kó dúró tì wọ́n kó lè rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n bá ní kó sanwó, kó fi ọ̀wọ̀ bèèrè rìṣíìtì. Bí wọ́n bá yàn án jẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ẹlẹ́yẹlé, sọ́dọ̀ ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá, tàbí sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ran aláìní lọ́wọ́ lórí ẹjọ́.

Ẹgbẹ́ ọlọ́jà náà ní láti dìde. Ẹyọ kan kò lè bá ọlọ́pàá wíjọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn onígàrí, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn adìẹ àti ẹgbẹ́ awakọ̀ lè lọ rí DPO agbègbè wọn, kí wọ́n jọ sọ ọ́ pé irú ìwé báyìí ni a ó máa mú dání, ìyẹn sì ti tó. Bí wọ́n bá jọ dá owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, wọn yóò lè gba lọ́yà kan tí yóò máa gbọ́ ti gbogbo wọn.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1991, tí ìtanràn inú rẹ̀ kò tó ra líítà epo mẹ́ta mọ́ lónìí, ti tó tún ṣe. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere bí gíláàsì ṣe gbọ́dọ̀ dúdú tó kó tó di ẹ̀ṣẹ̀, kó má jẹ́ pé ojú ẹni tó dúró lójú ọ̀nà ni wọn yóò fi máa wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí wọ́n so ìwé àṣẹ náà pọ̀ mọ́ ìwé ọkọ̀ tí a ń gbà lọ́dọọdún, kí ẹni tó wà ní abúlé tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti dára lè gbà á ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí ni wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ lọ́dún 1977, tí Wọlé Ṣóyínká sì léwájú rẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ lọ́dún 1988. Ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n torí ẹ̀ gbé e kalẹ̀. Bí ìyẹ̀wò ọkọ̀ bá padà sórí ìdí yẹn, kò sí oníṣòwò tí yóò kọ̀ láti dúró. Títí dìgbà náà, kí oníkálukú tún ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ló lè na ìka sí ẹni tó ń gba owó ẹ̀yìn.