Tógò: ta ni wọ́n ń ṣọ́, ta ni wọ́n ń dáàbò bò?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti Atakpamé, ọ̀rọ̀ ààbò ló wà lẹ́nu gbogbo wa. Àwọn agbébọn ti wọ àríwá Tógò, wọ́n ti wọ Alibori àti Atacora ní Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba ní ká máa sọ ohun tí a bá rí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo nǹkan méjì tó ṣẹlẹ̀ ní Tógò.

Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní 2019. Ilé-iṣẹ́ NSO ní Ísírẹ́lì ló ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Pegasus. Wọ́n ní ìjọba nìkan làwọn ń tà á fún, kí wọ́n lè fi mú ọ̀daràn. Lọ́dún yẹn, wọ́n á kàn pe èèyàn lórí WhatsApp ni. Bí onítọ̀hún ò tiẹ̀ gbé e, Pegasus lè ti wọ inú fóònù. Tó bá ti wọlé, á ka iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, á sì gbọ́ ohun tí à ń sọ nínú yàrá. Ní 2020, àwọn olùwádìí Citizen Lab ní Kánádà sọ pé bíṣọ́ọ̀bù Kpalimé, Benoît Alowonou, àti fadá Pierre Chanel Affognon wà lára àwọn tí wọ́n dọdẹ bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe òṣèlú làwọn méjèèjì ń béèrè, wọn ò gbé ìbọn.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní òru 9 mọ́jú 10 oṣù keje, 2022, lásìkò Iléyá. Ní abúlé Margba, ní àríwá, ọkọ̀ òfúrufú àwọn sójà pa ọ̀dọ́ méje. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn ológun fúnra wọn jẹ́wọ́ pé àwọn rò pé agbébọn ni wọ́n.

Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Irinṣẹ́ tí wọ́n ní ti ọ̀daràn ni, fóònù àlùfáà ló bá. Ọkọ̀ tó yẹ kó ṣọ́ abúlé, ọmọ abúlé ló pa.

Ará oko ló kọ́kọ́ ń rí àjèjì lọ́nà oko, kì í ṣe sójà. Bí ẹ̀rù ìjọba bá ń bà á bí ẹ̀rù agbébọn, á pa ẹnu mọ́. Agbébọn nìkan ni ìdákẹ́ yẹn sì máa ń ṣe láǹfààní.

Nítorí náà, ohun tó yẹ ká béèrè ò le, ní Tógò àti ní Bẹ̀nẹ̀: kí adájọ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, bí sójà tàbí polísì bá pa èèyàn, kí ẹlòmíràn ṣèwádìí, kì í ṣe àwọn fúnra wọn, kí ẹbí òkú sì mọ ẹni tó pàṣẹ. Ìgbà yẹn la ó lè sọ ohun tí a rí láìbẹ̀rù.