Ọ̀dà Kọ́ Ni Ọkọ̀ Òfuurufú

Ẹ̀yin Ọba àti Ìjòyè wa, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé inú ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń dùn wá lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbàkígbà tí a bá dárúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti ìjọba, àwọn ènìyàn wa a mi orí, wọn a sì wí pé, ohunkóhun tí ó bá jẹ́ ti ìjọba, kíkú ni yóò kú. Òkú Nigeria Airways ni wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rí. Àwa wí pé ẹ̀rí náà kò tó, àti pé ó ń bo àṣírí àwọn tí ó pa á.

Ẹ jẹ́ kí á wo Etiópíà. Ní oṣù kejìlá 1945 ni a dá Ethiopian Airlines sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1946 ni ọkọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé èrò láti Addis Ababa lọ sí Cairo. Ìjọba ni ó ni ín nígbà náà, ìjọba ni ó ni ín títí di òní. Ọba Haile Selassie jẹ, ó sì lọ; àwọn ológun gba ìjọba ní 1974, a lé wọn ní 1991; ilé-iṣẹ́ náà kò wó. Ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ti ju 140 lọ nísinsìnyí.

Kì í tún ṣe ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́. Agboolé ni, tí ìyá wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ sì yí i ká. Ọmọ kan ń kó ẹrù, ó ń gbé òdòdó Etiópíà lọ tà ní Yúróòpù. Òmíràn ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe. Ọ̀kan ń se oúnjẹ, ó sì ń gbé injera, tí í ṣe oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn, síwájú èrò nínú òfuurufú láìtijú (ẹ̀yin tí ẹ ń fi àmàlà pamọ́ nígbà tí àlejò bá dé, ẹ gbọ́ o). Ilé-ìtura ńlá wà níbẹ̀. Àwọn pápá ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ náà sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní 2017. Èyí tí ó wù wá jù lọ, nítorí pé iṣẹ́ tiwa náà ni, ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, níbi tí a ti ń kọ́ awakọ̀ òfuurufú àti àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn sì ń lọ kẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí èrò kò sí mọ́, wọ́n yọ àga kúrò nínú ọkọ̀ èrò bí 25, wọ́n sì fi wọ́n kó ẹrù. Ọmọ tí ń kó ẹrù ni ó bọ́ ọmọ tí ń kó èrò ní ọdún náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Yúróòpù ń nawọ́ sí ìjọba wọn fún owó ìrànwọ́. Ti Etiópíà kò nawọ́.

Báwo ni ó ti ṣe rí bẹ́ẹ̀? Àwọn ológun 1974 náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Wọ́n ti gba ilẹ̀, wọ́n ti gba ilé ìfowópamọ́, ọwọ́ wọn sì ti ń wọ inú ilé-iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ní 1980 Captain Mohammed Ahmed di olórí rẹ̀, a sì dá iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ní 1984, ìjọba tí ó ń pe Rọ́ṣíà ní ọ̀rẹ́ gba Boeing 767 tuntun lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, nítorí pé ọkọ̀ náà ni ó yẹ òwò wọn. Ní ọdún 1984 yìí kan náà ni Mesfin Tasew wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Ó di 2022 kí ó tó di olórí. Ṣáájú rẹ̀, ọwọ́ àwọn Amẹ́ríkà ti TWA ni àkóso ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di 1971 kí ọmọ Etiópíà tó jókòó sórí àga náà. Ọdún 25 ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Àwa pe KLM ti Holland ní 1979 láti wá ṣe àkóso tiwa fún wa. Ọdún méjì péré ni.

Ní 1958 ni a dá tiwa sílẹ̀, ó gba orúkọ Nigeria Airways ní 1971, a sì tì í pa ní 2003. Kì í ṣe pé a kò ní ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ti Zaria ti wà láti 1964. Ohun tí a kò ní ni ọwọ́ tí ń dúró jẹ́ẹ́. Mínísítà tuntun dé, ó yan olórí tuntun. Ẹni ńlá wọ ọkọ̀, kò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bínú, ẹ̀yin Ìjòyè, nínú wa ni àwọn tí ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí a fi ọmọ àbúrò wọn sí iṣẹ́ tí kò mọ̀ wà. Iṣẹ́ ọba ni, kì í ṣe iṣẹ́ baba ẹnikẹ́ni! Àwọn tí ó jẹ gbèsè rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́, tí ó di 2018 kí wọ́n tó rí ìlàjì owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ọdún 15. Ọ̀pọ̀ ti kú kí ó tó dé.

Lẹ́yìn èyí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọ̀dà. Ní oṣù keje 2018, a lọ sí Farnborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi orúkọ Nigeria Air àti àmì rẹ̀ han aráyé. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí a ti dá a dúró. Ní 26 oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìjọba náà kúrò, ọkọ̀ kan balẹ̀ sí Abuja pẹ̀lú orúkọ wa lára rẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ ta ni? Ti Etiópíà ni. Ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ín. Nínú àdéhùn tí a fẹ́ ṣe, ìpín 49 nínú 100 jẹ́ ti Etiópíà, 46 jẹ́ ti àwọn oníṣòwò wa, 5 péré jẹ́ ti ìjọba wa. Àwọn oníléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ wa gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sì wọ́gi lé e ní 2024.

A kò bá Etiópíà wí. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni a ń pè síṣẹ́. Wọ́n ti dá ASKY sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wa ní Lomé, tí ó ti ń fò láti 2010, tí ọmọ Èkó fi ń gba Lomé kọjá lọ sí ìlú mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mesfin Tasew pàápàá ti ṣe olórí níbẹ̀ kí ó tó padà sílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin Ọba wa, bí a bá tún gbé àwòrán ọkọ̀ tuntun wá sí ààfin fún àdúrà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó gbé e wá: Ta ni yóò ṣe olórí rẹ̀, ọdún mélòó ni ó sì ti fi ṣiṣẹ́ náà? Níbo ni a ó ti máa tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe? Àwọn ọmọ wa mélòó ni ẹ ó fi sẹ́nu ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún, ta ni yóò sì san owó wọn? Nígbà tí Mínísítà bá wọ ọkọ̀ náà, ta ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀?