Ta Ló Da Ilẹ̀? Ẹjọ́ Balógun Ajíkòbì

Nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ogun Òṣogbo ní Àkọkà, àlàyé kì í gùn: Fúlàní gun ẹṣin wá láti Ìlọrin, Yorùbá fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìbàdàn lọ lé wọn. Ìtàn náà dùn létí, ó sì rọrùn láti há sórí de ìdánwò. Àbùkù rẹ̀ ni pé irọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ajíkòbì, ọ̀kan nínú àwọn balógun tó kó ẹlẹ́ṣin Ìlọrin lọ sójú ogun náà, ni ẹlẹ́rìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Ẹṣin ni agbára wọn. Ní ọ̀dàn, ẹlẹ́sẹ̀ kì í lè dúró dè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá igbó ni Òṣogbo wà. Balógun Odérìnlọ, tó kó ogun Ìbàdàn wá, mọ èyí, ó sì yan òru láti fi kọ lù wọ́n. Ẹlẹ́ṣin tí kò rí ọ̀nà kò sàn ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Ibùdó tú, wọ́n kó ẹṣin, wọ́n sì mú ìjòyè.

Nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ọmọ Ẹ́míà kan wà lára àwọn tí wọ́n mú, àti olórí ẹrú Ẹ́míà. Àwọn ọ̀gágun Ìbàdàn rọra dá àwọn méjèèjì yìí sílẹ̀. Ajíkòbì àti ìjòyè mìíràn, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, ni wọ́n pè ní ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n bẹ́ orí ìjòyè náà ní Òṣogbo. Nítorí ipò Ajíkòbì, wọ́n fi í ránṣẹ́ kúrò lójú ogun kí àwọn àgbà lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Títí di òní, àwọn kan ń gbè sẹ́yìn ìdájọ́ yìí. Kí wọ́n dáhùn: ta ló pe Àlímì wá sí Ìlọrin? Àfọ̀njá ni, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, nígbà tó ń bá Aláàfin ṣọ̀tá. Àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ fúnra wọn ló kọ́kọ́ jin ìjọba náà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Ajíkòbì gun ẹṣin lọ sí Òṣogbo, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro. Ilé wo ló wá dà? Ìlọrin ni ìlú rẹ̀, Ìlọrin ló jà fún.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọwọ́ Ìlọrin mọ́. Wọ́n fọ́ ìlú, wọ́n kó ẹrú. Ìbàdàn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Èkìtì Parapọ̀ bá Ìlọrin mulẹ̀ láti dojú kọ Ìbàdàn. Síbẹ̀ akọni ni gbogbo ìwé pe Ògèdèǹgbé, akọni ló sì jẹ́. Bí ẹni tó bá Ìlọrin da ọwọ́ pọ̀ kò bá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, báwo ni ọmọ Ìlọrin tó jà fún Ìlọrin ṣe jẹ́ ọ̀kan? Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ náà, Yorùbá, kò tíì kó Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá àti Èkìtì pọ̀ nígbà náà. Wọ́n fi òfin orílẹ̀-èdè tí kò tíì sí dá ẹjọ́ ènìyàn.

Wọ́n pa ọkùnrin náà, orúkọ rẹ̀ kò kú. Balógun Ajíkòbì ṣì jẹ́ oyè ní Ìlọrin, pẹ̀lú ti Alánamú, Gàmbàrí àti Fúlàní. Àdúgbò kan sì ń jẹ́ orúkọ náà. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Èkó gba gbogbo ènìyàn. Ọmọ àdúgbò náà lè wà lórí bẹ́ǹṣì ní Àkọkà, kó máa gbọ́ pé àjèjì ni àwọn baba òun, tàbí ọ̀dàlẹ̀. Kí olùkọ́ tó kọ gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sójú pátákó, kó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ìlọrin àti Ìbàdàn ló jà ní Òṣogbo. Kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.